Àbákẹ́ ní Wilcox: obìnrin tí ìwé káúńtì sọ nù

Ẹni tó bá fẹ́ tọpa ìdílé rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, orúkọ ìdílé ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi í. Orúkọ yẹn ni yóò mú lọ sí kóòtù káúńtì, bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, òun ni yóò fi ṣí ìwé ilẹ̀, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ogún, yóò sì máa tẹ̀ lé e lọ sẹ́yìn títí yóò fi kan bàbá bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ obìnrin kan ni mo fẹ́ sọ níbí, tí ọ̀nà yìí kò bá a dé ibì kankan. Káúńtì Wilcox àti káúńtì Dallas ni ó gbé, ní ìpínlẹ̀ Alabama, níbi tí ilẹ̀ dúdú ọlọ́ràá tẹ́ lọ lẹ́bàá odò tí oko òwú sì gba gbogbo rẹ̀ nígbà náà. Creagh ni wọ́n kọ́kọ́ fi pè é. McCrear ni ó pe ara rẹ̀ nígbà tó yá. Crear ni àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń jẹ́. Matilda ni orúkọ tó bá a ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n Àbákẹ́ ni orúkọ tó gbé wọ ọkọ̀ ẹrú.

Ọdún 2020 ni mo kọ́kọ́ rí orúkọ yẹn kà, n kò sì rí oorun sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá ò nílò kí n túmọ̀ rẹ̀. Oríkì ni, ọmọ tí a bá kẹ́. Kì í ṣe orúkọ tí olùkọ́ ń pè nínú ìwé, orúkọ inú ilé ni, èyí tí ìyá ń pè nígbà tó bá ń rẹ ọmọ lẹ́kún, tàbí nígbà tó bá fẹ́ rán an níṣẹ́ tí kò fẹ́ kó rojú. Ìyá mi kì í pe oríkì mi bí inú bá ń bí i. Nítorí náà, nígbà tí mo rí Àbákẹ́ lórí ọmọ ọdún méjì kan tí wọ́n tà sí oko òwú, ohùn ìyá ni mo gbọ́ kí n tó gbọ́ nǹkan mìíràn.

Bó ṣe débẹ̀ nìyí. Láti 1 January 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí ẹnikẹ́ni má kó ẹrú wọlé láti òkè òkun mọ́. Nígbà tó di 1820, wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tí ìdájọ́ rẹ̀ jẹ́ ikú. Síbẹ̀, olówó kan ní Mobile, ìlú èbúté ní Alabama, Timothy Meaher, dá tẹ́tẹ́ pé òun yóò kó ẹrú wọlé, ohunkóhun kò sì ní ṣẹlẹ̀. Ní 1860, ó rán ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n ń pè ní Clotilda, William Foster ni ọ̀gá ọkọ̀. Wídà, ìlú èbúté Dàhòmì ní ibi tí a ń pè ní Benin lónìí, ló gúnlẹ̀ sí. Ní àkókò yẹn, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ń kó ìlú lọ́dọọdún, àwọn tí wọ́n sì kó ni wọ́n ń há mọ́ inú àgọ́ ní Wídà títí oníbàárà yóò fi dé. Àádọ́fà ènìyàn, 110, ni Foster kó sínú ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá. Ní July 1860, wọ́n wọ ẹnu odò Mobile lóru, wọ́n sọ àwọn ènìyàn náà kalẹ̀ sínú igbó, wọ́n sì dáná sun ọkọ̀ kí ẹ̀rí má bàa sí. Ọdún 2019 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde pé wọ́n ti rí egungun ọkọ̀ yẹn ní ìsàlẹ̀ odò.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí oṣù July 1860 yẹn, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà ẹni tó ń tọpa ìdílé ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni Amẹ́ríkà ń ka ènìyàn. Ní 1850 àti 1860, ìwé ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ka àwọn ẹrú. Mo ti rí àwòrán ojú ìwé bẹ́ẹ̀ rí. Orúkọ olówó ẹrú ló wà lápá òsì, ó hàn kedere, wọ́n fi gègé kọ ọ́ dáadáa. Lẹ́yìn orúkọ yẹn, ìlà kan fún ènìyàn kan: ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àwọ̀ ara. 32, abo, dúdú. 9, akọ, dúdú. 2, abo, dúdú. Kò sí orúkọ. Àwọn tó ń wá ìdílé wọn a máa gbé ìka lé irú ìlà bẹ́ẹ̀, wọn a máa ṣírò pé ìyá àgbà àwọn yóò ti tó ọmọ ọdún mélòó nígbà náà, wọn a sì ní bóyá òun nìyí. Ọ̀pọ̀ ìdílé dúdú ní Alabama ni kò ní ju irú ìlà bẹ́ẹ̀ lọ.

Àbákẹ́ kò ní ìyẹn pàápàá. Ọjọ́ kìíní oṣù June ni ìjọba fi ṣe ọjọ́ ìkànìyàn ọdún 1860: ẹni tó bá wà nílé lọ́jọ́ yẹn ni kí wọ́n kọ. Lọ́jọ́ yẹn, orí òkun ni Àbákẹ́ wà. Nígbà tí ọkọ̀ náà fi máa gúnlẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ń kà ti kọjá, àwọn tó rà á sì mọ̀ pé ohun tí àwọn ṣe, ikú ni òfin kọ sí i lórí. Ta ni yóò wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀?

Wọ́n pín àwọn tó bá ọkọ̀ náà dé. Àwọn kan kù sí Mobile, nínú wọn ni Kossola wà, ẹni tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis, tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ Africatown dó lẹ́yìn òmìnira. Àwọn mìíràn ni wọ́n tà gba òkè odò lọ sí ìhà Selma. Nígbà tí Kossola di arúgbó, ó ṣì ń sọ bí wọ́n ṣe sunkún lọ́jọ́ ìpínyà yẹn. Àbákẹ́ wà lára àwọn tó gba òkè odò. Wọ́n ti kó òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin mẹ́ta láti ilé. Bàbá wọn àti ọmọkùnrin méjì ló ṣẹ́kù lẹ́yìn. Ní Alabama, olóko kan ní Wilcox, Memorable Creagh, ra ìyá náà pẹ̀lú Àbákẹ́ àti ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹlòmíràn ló ra àwọn méjì yòókù. Ìyá wọn kò tún fojú kàn wọ́n mọ́.

Gracie ni wọ́n sọ ìyá náà. Nínú ìtàn yìí, òun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mí jù. Láàárín oṣù díẹ̀, ó pàdánù ọkọ, ọmọkùnrin méjì àti ọmọbìnrin méjì, méjì péré ló kù sí i lọ́wọ́. Wọn kò sì jókòó gba ohun tó dé bá wọn. Láìpẹ́ tí wọ́n dé oko Creagh ni wọ́n gbìyànjú láti sá lọ. Àbákẹ́ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ inú irà lọ farapamọ́, ọ̀pọ̀ wákàtí ni wọ́n fi wà níbẹ̀ kí ajá alábòójútó oko tó fi òórùn wá wọn rí. Ọmọ tí kò tíì ju ọdún mẹ́ta lọ. Arúgbó ni ó wà tí ó ṣì rántí irà yẹn.

Ní ìparí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ọjọ́ kejì oṣù April 1865 ni àwọn ọmọ ogun àríwá gba Selma. Ogun parí, òmìnira dé. Ohun tí òmìnira jẹ́ fún ìdílé yìí ni pé wọ́n ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, wọ́n ń pín irè pẹ̀lú rẹ̀, gbèsè sì ń kù lọ́rùn wọn lẹ́yìn ìkórè.

Ìkànìyàn ọdún 1870 ni àkọ́kọ́ tó kọ orúkọ gbogbo àwọn tó ti jẹ́ ẹrú. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń wá ìdílé fi ń pe 1870 ní ògiri: ibẹ̀ ni ọ̀nà ti ń pin, bí wọ́n bá sì fẹ́ fo ògiri náà, wọ́n ní láti mọ ẹni tó ni ìyá àgbà wọn. Wọn a wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìwé ìdílé olówó ẹrú: ìwé ìhágún, ìwé gbèsè, àkójọ ẹrù òkú. Nínú àkójọ yẹn ni wọn ti máa ń rí orúkọ, orúkọ gan-an, lẹ́yìn màlúù àti ìtúlẹ̀, pẹ̀lú iye dọ́là níwájú rẹ̀. N kò mọ bí ènìyàn ṣe ń fi ọwọ́ tó dúró déédéé ṣe àdàkọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é pọ̀, ní kóòtù Camden tó jẹ́ olú Wilcox, ní Selma, àti ní ilé ìpamọ́ ìwé ìpínlẹ̀ ní Montgomery, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn.

Lẹ́yìn 1870, ìwé yẹ kó rọrùn. Fún Àbákẹ́, kò rọrùn. Ìkànìyàn 1890 fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá nítorí iná tó jó ilé tí wọ́n kó o sí ní Washington ní 1921. Láàárín 1880 sí 1900, ogún ọdún gbáko, ọ̀dọ́bìnrin di ìyá ọlọ́mọ rẹpẹtẹ, ojú ìwé sì ṣófo. Alabama kò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ikú sílẹ̀ fún gbogbo ìpínlẹ̀ títí di 1908, nítorí náà ẹni tó bá kú ṣáájú ìgbà yẹn ní oko, bóyá òkúta orí sàréè nìkan ni, bí òkúta bá wà.

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ẹni tó bá wá ìwé ìgbéyàwó Àbákẹ́ ní kóòtù, kò ní rí i, ó sì lè rò pé kò ní ọkọ. Ó ní. Ọ̀pọ̀ ọdún ni òun àti ọkùnrin òyìnbó kan tí wọ́n bí ní Jámánì fi jọ wà, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́rìnlá. Òfin Alabama ni kò gbà kí aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun fẹ́ ara wọn. Ní 1901, wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé òfin ńlá ìpínlẹ̀ náà, ó sì wà níbẹ̀ títí àwọn olùdìbò fi yọ ọ́ ní 2000. Bí a bá wá ń ka ìwé káúńtì bí ẹni pé ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan ló wà nínú rẹ̀, a ó ṣìnà. Ohun tí òfin gbà kí ó ṣẹlẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ilé tó kún fún ọmọ mẹ́rìnlá kò sí nínú ìwé ìgbéyàwó.

Ní ti orúkọ, òun fúnra rẹ̀ ló kọ Creagh sílẹ̀, tó ń jẹ́ McCrear. Ẹni tó ń wá ìdílé lè sọ pé akọ̀wé ló ṣi orúkọ kọ, nítorí irú rẹ̀ pọ̀, akọ̀wé ń kọ bó ṣe gbọ́ létí. Ti èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ ẹni tó rà á ni Creagh, ó sì yí i padà kúrò bẹ́ẹ̀. Ojú tí mo fi wò ó ni pé, obìnrin tí ajá lé jáde nínú irà lọ́mọdé tún padà wá ọ̀nà mìíràn gbà kúrò lóko yẹn.

Kí wá ni kò sọnù? Mẹ́ta ni mo rí, kò sì sí èyí tí akọ̀wé fi gègé kọ nínú wọn. Orúkọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ilà tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ti kọ fún un kí ogun tó dé. Ọmọ tí wọ́n ti kọ ilà fún, ó ti ní agboolé, àwọn àgbà ti kà á mọ́ ara wọn. Àti irun rẹ̀. Títí ó fi darúgbó ni ó ń ṣe irun rẹ̀ bí àwọn obìnrin Yorùbá ṣe ń ṣe é.

Irun yẹn ni kí ẹ bá mi wò. Ọmọ ọdún méjì kò mọ irun dì. Ìyá rẹ̀ ló dì í fún un, ní Wilcox, lẹ́yìn iṣẹ́ oko. Gbogbo ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ti fi orúnkún há rí, tó ti gbọ́ ìró ìyarun lórí, tí wọ́n ti tì lórí síwá tì sẹ́yìn pé kó jókòó jẹ́ẹ́, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ nídìí irun. Gracie kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀ títí ọjọ́ rẹ̀ fi pé. Èdè wo ló fẹ́ fi sọ fún ọmọ pé kó yí orí sápá ọ̀tún? Ní ẹ̀yìn 1860 síwájú, nínú ahéré kan ní ìgbèríko Alabama, wọ́n ń sọ èdè wa nídìí irun dídì. Káúńtì kò ní ìwé tí wọ́n ń kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí.

Ní 1931, nígbà tí ó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, Màmá Àbákẹ́ gbéra, ó fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà erùpẹ̀ tó tó máìlì 15 lọ sí kóòtù káúńtì Dallas ní Selma. Ó fẹ́ kí ìjọba san nǹkan fún òun nítorí ohun tí wọ́n fi ojú òun rí. Ẹ ro ibi tó lọ. Lásìkò yẹn, kóòtù káúńtì gúúsù Amẹ́ríkà kì í ṣe ibi tí aláwọ̀ dúdú ń wọ̀ láti béèrè ẹ̀tọ́. Ó wọ̀ ọ́, ó dúró níwájú adájọ́, ó sọ tẹnu rẹ̀. Adájọ́ kò fún un ní nǹkan kan. Ó padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Ṣùgbọ́n akọ̀ròyìn kan láti ìwé ìròyìn Selma Times-Journal bá a sọ̀rọ̀, wọ́n sì tẹ ìtàn rẹ̀ jáde. Ojú ìwé ìròyìn yẹn ni gbogbo ohun tí a mọ̀ lónìí rọ̀ mọ́. Nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún ni ó fi wà níbẹ̀ láìsí ẹni tó so ó pọ̀ mọ́ ìyókù. Hannah Durkin, onímọ̀ ìtàn tó wà ní Yunifásítì Newcastle nígbà náà, ló wá so ó pọ̀. Ó ti kọ́kọ́ tọpa obìnrin mìíràn nínú káúńtì Dallas kan náà, Redoshi, tí wọ́n ń pè ní Sally Smith, tí wọ́n tà sí oko kan ní Bogue Chitto, tó sì kú ní 1937. Redoshi tilẹ̀ wà nínú fíìmù kan tí ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn Amẹ́ríkà ṣe, a lè rí ojú rẹ̀. Kí ìyẹn tó jáde ní 2019, Kossola, tó kú ní 1935, ni gbogbo ayé mọ̀ sí ẹni ìkẹyìn nínú àwọn tí wọ́n kó láti ilẹ̀ wa lọ ṣe ẹrú ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn náà ni Durkin rí ìtàn 1931 yẹn, ó tò ó mọ́ ìwé ìkànìyàn àti àkọsílẹ̀ ìdílé, ó sì rí i pé Àbákẹ́ pẹ́ láyé ju Redoshi lọ. January 1940 ló kú, ní Selma, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún.

Ní April ọdún yẹn ni wọ́n tún ka ènìyàn. Ó ti lọ. Ìkànìyàn tó yẹ kó kọ́kọ́ kà á bọ́ sí ìgbà tó wà lórí òkun, èyí tí ì bá kà á kẹ́yìn sì bá a nínú sàréè.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà láàyè nígbà tí ìwádìí náà jáde. Ẹni ọdún 83 ni. Ó mọ̀ pé òun ní ìyá àgbà, ó ti gbọ́ pé obìnrin tó le ni, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé ọkọ̀ ẹrú ló gbé e wá. Ọmọ Selma ni òun náà, ó sì fojú rí ìyà tí wọ́n fi jẹ àwọn tó ń béèrè ẹ̀tọ́ ìdìbò níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Kí ló dé tí wọn kò sọ fún un? Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé dúdú níbẹ̀, wọ́n kì í sọ ọ̀rọ̀ oko ẹrú fún ọmọ. Ìtìjú ni wọ́n gbé rù wọ́n, bí ẹni pé àwọn tí wọ́n jí gbé ló jẹ̀bi. N kò lè bá wọn wí. Àwa náà nílé, àwọn àgbà wa ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ bí ìdílé bá ní ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú tàbí ẹni tó ta ènìyàn.

Ìdí nìyí tí n kò fi lè gbà pé iṣẹ́ ìwádìí yìí ti parí ní Alabama. Àwọn ará ibẹ̀ ti ṣe tiwọn dé etí òkun. Ọmọkùnrin méjì ló kù lẹ́yìn, pẹ̀lú bàbá wọn. Bí àwọn méjì yẹn bá yè, tí wọ́n fẹ́yàwó, ìran wọn wà láàárín wa báyìí. Ogun Dàhòmì kò ṣàjèjì sí wa: ó dé Abẹ́òkúta ní 1851 àti 1864, ó run Ìṣàgá ní 1862, ó run Kétu ní 1886, àwọn ìlú kéékèèké tó gbé lọ láàárín kò sì lóǹkà. Nínú agboolé tó pọ̀, ìtàn wà pé ogun kó ìyá wa lọ. Bó bá jẹ́ pé nínú ilé tiyín, wọ́n ń sọ ọ́ pé ìyá kan àti ọmọbìnrin mẹ́rin ló lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí ọmọkùnrin méjì ṣẹ́kù sílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ti àgbà tó mọ̀ ọ́n, kí ẹ gbà á sílẹ̀ lórí fóònù, kí ẹ sì béèrè oríkì àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kéré jù nínú wọn, Àbákẹ́ ni.